Ìrìn Kúkúrú Ló Ń Pa Jíìpù Wa: Wíńtà Kan ní Winnipeg

Ọjọ́ Ajé kan ni, nínú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, agogo mẹ́jọ àárọ̀ kù díẹ̀, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Mo ti wọ kóòtù fún àwọn ìbejì àti Ìdòwú, mo ti kó wọn sọ̀kalẹ̀ dé ibi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́yìn ilé wa. Fóònù mi kọ máínọ́ọ̀sì 31 ní ìwọ̀n Celsius. Mo jókòó, mo tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń sítáàtì. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn bàìbàì, nǹkan kan ṣe ta-ta-ta-ta lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dákẹ́. Mo tún un tẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò tilẹ̀ dún. Kẹ́hìndé bi mí láti ẹ̀yìn pé, "Mọ́mì, ṣé mọ́tò wa ti kú ni?" N kò rí èsì fún un. Mo kó wọn padà sókè, mo pe ibi iṣẹ́ pé màá pẹ́, mo pe bàbá wọn tó ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Mo kọ èyí sílẹ̀ ní kíkún nítorí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà wá, pẹ̀lú owó bátìrì tuntun, kí a tó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà gan-an. Ohun tó ń ṣe é sì wà lójú wa láràárọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tó ń dé sí Manitoba, ìpínlẹ̀ tí Winnipeg wà ní Canada, ló ń ra irú ọkọ̀ yìí bí iṣẹ́ bá ti bọ́ sí i, bí àwa ṣe ń lò ó náà ni wọ́n sì ń lò ó. Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Àwọn tó ń tà á ń pè é ní crossover. Ní ilé wa, jíìpù ni, nítorí ọkọ̀ tó bá ti ga nílẹ̀ ti di jíìpù lẹ́nu Yorùbá. Ṣùgbọ́n egungun káà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tóbi, lítà kan ààbọ̀ péré, túbò ló ń fún un lágbára, inú sìlíńdà, ihò tí epo ti ń jó, gan-an ló sì ń fọ́n pẹtiróòlù sí. A rà á ní àlòkù lọ́wọ́ tọkọtaya kan tó ń kó lọ sí Ontario. Ìjókòó ọmọ mẹ́ta wọ ẹ̀yìn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ fún, bọ́ọ̀tù rẹ̀ sì gba àpò ìrẹsì, àpótí iṣu àti kẹ̀kẹ́ ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ tó dára ni, n kò ní bà á lórúkọ jẹ́.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí. Láàárọ̀, màá gbé àwọn ìbejì lọ sí iléèwé, kò pé kìlómítà méjì. Láti ibẹ̀, màá já Ìdòwú sílẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀, ilé tí kò ju òpópónà mẹ́ta sí tiwa. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn náà kò tó kìlómítà mẹ́ta. Níbi kọ̀ọ̀kan, màá pa ẹ́ńjìnnì, màá tún un tàn. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, a ó tún tọ ọ̀nà kan náà padà. Ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ. Inú wa ń dùn pé epo kì í tán kíákíá, pé ọkọ̀ kò rìn jìnnà, pé kò ní gbó. Bàbá Ìbejì máa ń sọ pé, "Ìyá Ìbejì, ọkọ̀ yìí á bá wa tọ́ ọmọ dàgbà." Ohun tí a rò pé a fi ń ṣìkẹ́ rẹ̀ la fi ń pa á.

Ní ọjọ́ Ajé yẹn, aládùúgbò wa kan, ọmọ Philippines, ló fi wáyà fún wa ní iná láti ara ọkọ̀ tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀gbẹ́ bátìrì wa bóyá ó ti wú. Ó ní bátìrì tí omi inú rẹ̀ bá ti dì, a kì í fún un ní iná rárá, ó lè bú gbàmù lójú èèyàn. N kò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Bátìrì tó kún, òtútù Winnipeg kò lè mú un dì. Èyí tó ti ṣófo ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Tiwa kò tíì débẹ̀. Ọkọ̀ tàn, a gbé e lọ sí ibì kan tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Wọ́n wọn bátìrì, volt 12.1 ni, bẹ́ẹ̀ èyí tó kún a máa tó 12.6. Wọ́n ní ó ti gbó, ó ti lo ọdún márùn-ún. Wọ́n fi tuntun sí i, wọ́n gba owó, ó tán. Ẹnikẹ́ni kò fa géèjì ọ́ìlì yọ wò. Ẹnikẹ́ni kò bi wá pé, báwo lẹ ṣe ń wa ọkọ̀ yìí?

Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa fún wa. Kẹ́míkà inú bátìrì ló ń mú iná wá, bí òtútù bá sì ti ń pọ̀ ni iṣẹ́ kẹ́míkà náà ń falẹ̀. Ní máínọ́ọ̀sì 18, agbára bátìrì tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá máa ń wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì ohun tó ní nígbà ooru. Ìgbà yẹn gan-an sì ni ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ń ki, tí ẹ́ńjìnnì ń béèrè agbára tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó yí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ CCA àti nọ́ńbà sára bátìrì: iye iná tó lè tú jáde fún ìṣẹ́jú àáyá 30 ní máínọ́ọ̀sì 18. Ẹni tó bá ń ra bátìrì níhìn-ín, nọ́ńbà yẹn ni kó wò, kó má jẹ̀ẹ́ kó kéré sí èyí tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ kọ. Tiwa kò kéré.

Síbẹ̀, bátìrì tuntun ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ kérora bí ẹni tí wọ́n jí lójijì kó tó dìde. Mo wá ń kíyè sí ohun mìíràn tí mo ti ń rí tipẹ́ tí n kò kà sí. Hítà inú ọkọ̀ kì í gbóná kí a tó dé iléèwé. Èémí àwa fúnra wa á dì mọ́ gíláàsì láti inú, Ìdòwú á máa fi ìka ya àwòrán sára gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ilé, oòrùn, èèyàn tí orí rẹ̀ tóbi ju ara lọ. A ó dé iléèwé, a ó dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, àwòrán náà á ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe yà á.

Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, mo sọ fún bọ̀dá kan nínú ìjọ wa. Mẹ́káníìkì ni wọ́n ní Ládìípò, ní Mushin, fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó wá síhìn-ín. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà báyìí. Wọ́n tẹ̀ lé wa dé ibi tí ọkọ̀ wà, wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọn kò tilẹ̀ wo bátìrì.

"Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi wá tíṣù."

Wọ́n fa géèjì ọ́ìlì yọ, wọ́n nù ún, wọ́n kì í bọ ibẹ̀ padà, wọ́n tún fà á yọ. Ihò kéékèèké méjì ló wà létí irin yẹn: ọ́ìlì kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ga ju ti òkè. Tiwa ti ga ju ti òkè lọ, tó ìbú ìka kan. Wọ́n kán an sórí tíṣù. Mo retí kó dúró sójú kan bí oyin. Ó tàn ká kíá bí omi, ó sì fi òrùka fẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ yíká ara rẹ̀. Wọ́n gbé tíṣù náà súnmọ́ mi nímú. Pẹtiróòlù ni mo gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Ta ló ń bá yín da ọ́ìlì sí i?"

"Ẹnikẹ́ni kò dà á sí i, bọ̀dá. Láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ nínú oṣù Ọ̀wàrà, a kò fọwọ́ kàn án."

"Ó sì pọ̀ sí i? Ọ́ìlì kì í bímọ o."

Wọ́n tú ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, wọ́n yí inú rẹ̀ sí mi. Nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ọn, ó pọ́n rúsúrúsú bíi kọ́sítáàdì tó ti sùn mọ́jú. Àyà mi já. Bàbá Ìbejì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ nìyẹn?" Bọ̀dá ní ká má tíì sunkún. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ Ládìípò ni, tí wọ́n rí èyí, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ni wọ́n á kọ́kọ́ fura sí, pé omi rédíétọ̀ ti ń já sínú ọ́ìlì. Wọ́n wá wo ike omi rédíétọ̀: ó wà ní ojú àmì rẹ̀ gẹ́lẹ́, kò dín, àwọ̀ rẹ̀ kò sì yí padà. Omi ibòmíràn nìyẹn. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá béèrè pé báwo ni ibi iṣẹ́ mi ṣe jìn tó. Mo sọ gbogbo ìrìn wa fún wọn, láti iléèwé títí dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n mi orí, wọ́n pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

"Ọkọ̀ yìí kò tíì gbóná rí láti ìgbà tí wíńtà ti dé."

Àlàyé wọn nìyí, bí mo ṣe lóye rẹ̀, tí mo sì ti kà nípa rẹ̀ láti ìgbà náà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, pẹtiróòlù kì í yára di afẹ́fẹ́, nítorí náà kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á mú kí wọ́n fọ́n ọ̀pọ̀ sí i kí iná lè ràn. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé inú sìlíńdà ni irú ẹ́ńjìnnì tiwa ń fọ́n ọn sí, apá kan nínú epo náà á lọ lẹ̀ mọ́ ara irin tútù, ríìngì písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, á há a, á ṣàn lọ bá ọ́ìlì nísàlẹ̀. Bákan náà ni omi. Lítà pẹtiróòlù kan tó bá jó, omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan ló ń mú jáde. Èyí tó pọ̀ jù á gba sàlẹ́ńsà lọ, òun ni èéfín funfun tí à ń rí lẹ́yìn gbogbo ọkọ̀ nínú òtútù. Ṣùgbọ́n díẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìn wọ inú ẹ́ńjìnnì, á dì mọ́ ibi tó bá tutù jù, á pò pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, á di kọ́sítáàdì yẹn.

Kò sí ohun ẹ̀rù nínú èyí bí ọkọ̀ bá ń rìn jìnnà. Ọ́ìlì á gbóná, epo àti omi á gbẹ kúrò nínú rẹ̀, páìpù kan á fà wọ́n padà lọ jó. Ọ́ìlì tiwa kì í gbóná. Ìṣẹ́jú mẹ́fà, a ó pa á. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, a ó tún pa á. Epo ń wọlé, kì í jáde. Ọ́ìlì tí epo bá sì ti là kò lè gba irin lọ́wọ́ irin mọ́.

Bátìrì náà, ọ̀ràn kan náà ni. Sítátà ń bu iná ńlá lára rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan tí a bá tan ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó tan iná iwájú, fáànù, hítà ìjókòó, wáyà tó ń yọ́ yìnyín gíláàsì ẹ̀yìn. Bátìrì tó tutù sì máa ń lọ́ra láti gba iná padà. À ń yá lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́, a kì í sì í san án pé. Kò sí bátìrì tí a lè rà tí ìyẹn kò ní pa.

Mo fẹ́ rí i lójú ara mi, mo fi ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. A tan ẹ́ńjìnnì ní ìgbà 68. Ìrìn 62 nínú rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgbà mẹ́rin péré ni ọwọ́ tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì dé àárín. Nígbà tí mo fi han Bàbá Ìbejì, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ̀rọ̀.

Ohun tó dùn mí jù lọ ni èyí. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, kí bọ̀dá tó lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ síwájú ọkọ̀, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo inú àwọn ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. "Ẹ wá wo nǹkan." Wáyà dúdú kan wà níbẹ̀, wọ́n ká a, wọ́n fi okùn ike dì í, ìdérí ṣì wà lórí pílọ́ọ̀gì rẹ̀. Hítà ẹ́ńjìnnì ni. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti ra ọkọ̀, fún odindi wíńtà kan àti ààbọ̀. Òpó kékeré tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì sì wà níwájú ibi tí à ń gbé ọkọ̀ sí. A rò pé ti àwọn tó ń tún ilé ṣe ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, mo máa ń rí ọkọ̀ tí pílọ́ọ̀gì ń fì lẹ́nu wọn, mo sì rò pé ọkọ̀ oníná ni gbogbo wọn. N kò bi ẹnikẹ́ni. Àwa tí a wá láti ibi tí ooru wà, ó yẹ kí a máa bi ara wa ní irú ìbéèrè yìí, kí ẹni tó ti mọ̀ sì máa sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láìjẹ́ pé ó béèrè.

Nǹkan yìí kì í ṣe tuntun. Grand Forks ní North Dakota, tí kò ju nǹkan bí wákàtí méjì ààbọ̀ sí wa, ni Andrew Freeman gbé nígbà tó gba ìwé àṣẹ lórí hítà ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ní 1949. Irú èyí tó wọ́pọ̀ lóde òní jẹ́ irin gbígbóná bíi ti omi tíì, inú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi sí, ó ń mú omi tó yí sìlíńdà ká lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí a tó tàn án. Tiwa ń jẹ iná 400 watt. Kò sí ìdí tí a fi ní láti fi sí i mọ́jú. Wákàtí mẹ́ta ti tó. A ra aago tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, a ṣètò rẹ̀ sí agogo márùn-ún ìdájí. Wáyà tó lọ láti òpó dé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìta, èyí tó nípọn tó sì ṣì rọ̀ nínú òtútù. Wáyà inú ilé máa ń gan bí igi, á sì là.

Ọ̀rọ̀ kan tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya níhìn-ín: rédíò á ní máínọ́ọ̀sì 31 ni, ṣùgbọ́n pẹ̀lú atẹ́gùn ó ń ṣe bíi máínọ́ọ̀sì 43. Nọ́ńbà kejì yẹn, ara èèyàn ló wà fún. Atẹ́gùn lè mú kí ọkọ̀ yára tutù, ṣùgbọ́n kò lè mú un tutù kọjá máínọ́ọ̀sì 31 tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni à ń wò bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ká ki hítà. Tó bá ti lọ sísàlẹ̀ máínọ́ọ̀sì 15, a ó kì í.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà, a pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀. 0W-20 ni ìwé ọkọ̀ ní ká lò, W yẹn sì dúró fún wíńtà: òdo tó ṣáájú rẹ̀ ń sọ fún wa pé ọ́ìlì náà ṣì lè ṣàn nínú òtútù gan-an. Láti ìgbà náà, kìlómítà 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ á ṣì máa sọ pé ó ku ìdajì. A kò dá a lóhùn.

Ìrìn wa ló ṣòro jù láti tún ṣe. Ilé obìnrin tó ń tọ́jú Ìdòwú kò jìnnà, a kàn ti sọ ọ́ di àṣà láti wa ọkọ̀ lọ ni. Ní báyìí, bí kò bá tíì tutù kọjá máínọ́ọ̀sì 20, Bàbá Ìbejì á gbé e sínú sílẹ́ẹ̀jì ike, á fi okùn wọ́ ọ lọ lórí yìnyín bí ó bá ti ti iṣẹ́ dé. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ ju ọkọ̀ lọ. Ọjà rírà, a kì í sáré lọ ra wàrà nìkan mọ́. A ó kó gbogbo ẹ̀ jọ sí ìrìn kan. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ó tọ Main Street lọ sí ìhà àríwá, a ó wa ọkọ̀ dé Selkirk, a ó padà. Odò Red River á ti dì, àwọn apẹja á ti gbé ahéré kéékèèké sórí rẹ̀, wọ́n á lu ihò sínú yìnyín, wọ́n á jókòó ti ìwọ̀ wọn. Àwọn ìbejì kò tíì gbà pé ẹja ń bẹ lábẹ́ ibẹ̀. Bí a bá fi máa dé ilé, ẹ́ńjìnnì ti gbóná fún wákàtí kan gbáko.

Àwọn kan sọ fún wa pé ká máa tan ọkọ̀ sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀ dípò gbogbo wàhálà yìí. Bọ̀dá kọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnnì tó dúró sójú kan kì í gbóná bọ̀rọ̀, epo púpọ̀ ló sì ń fọ́n ní gbogbo àkókò yẹn, tó túmọ̀ sí pé ohun tí à ń sá fún la ó máa fi kún. Kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ká nu gíláàsì, ká wà á jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá ní gáréèjì, kó má ṣe tan ọkọ̀ sínú rẹ̀ rárá, ilẹ̀kùn ìbáà ṣí: gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tí èèyàn lè fi mọ̀ pé ikú ni.

Èrè kan wà tí a kò retí. Nígbà tí ọkọ̀ kì í gbóná, kóòtù nípọn-nípọn ni mo máa ń de bẹ́líìtì ìjókòó ọmọ lé lórí. Bẹ́líìtì tó wà lórí kóòtù kò di ọmọ mú. Bí ìkọlù bá ṣẹlẹ̀, kóòtù á fún pọ̀, bẹ́líìtì á dẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, ọkàn mi kò sì balẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè bọ́ aṣọ lọ́rùn ọmọ nínú yìnyín. Ní báyìí tí ooru ń tètè jáde, súwẹ́tà ni wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ bẹ́líìtì, màá wá fi kóòtù bò wọ́n láti iwájú.

Ó ti pé ọdún kan báyìí. Wíńtà mìíràn la wà, bátìrì kan náà ló wà níbẹ̀. Géèjì ọ́ìlì ti di iṣẹ́ tèmi ní àràárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí a tó gbéra lọ sí Selkirk, pẹ̀lú tíṣù lọ́wọ́. Nínú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ó ṣì máa ń gòkè díẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì kọjá ihò òkè, n kò sì gbọ́ òórùn pẹtiróòlù níbẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jí bá máínọ́ọ̀sì 34. Mo yọ pílọ́ọ̀gì, mo ká wáyà kọ́ òpó, mo tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan. Ó tàn. Ìdòwú ya ilé àti oòrùn rẹ̀ sára gíláàsì bí ìṣe rẹ̀, kí a tó dé iléèwé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, oòrùn náà ti ń yọ́, ó ń ṣàn wálẹ̀ lórí ilé. Ó sunkún títí a fi dúró.